Bí A Ṣe Ń Rí Ohùn Blues Gidi Láti Inú Áńpù Gìtá Tó Ní Gain Púpọ̀

Ẹ tan áńpù náà, ẹ fi wáyà gìtá sí i, ẹ má sì tíì fọwọ́ kan nọ́ọ̀bù kankan. Ẹ ta okùn kẹta ní fírẹ́ẹ̀tì keje, kí ẹ ta á jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Ẹ jẹ́ kí ohùn náà kú tán, kí ẹ wá fi gbogbo agbára ọwọ́ yín ta okùn kan náà. Bí ohùn méjèèjì bá ròkè bákan náà, tí wọ́n sì fọ́ bákan náà, a jẹ́ pé áńpù yín ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́ yín. Ọ̀nà tí a ó fi gba iṣẹ́ náà padà ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Blues kò fẹ́ kí gbogbo ohùn dọ́gba. Ẹni tó ń ta gìtá blues a máa lò ó bí ọ̀fun: yóò sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú ìlà kan, yóò kígbe nínú èkejì, ibi tó ti kígbe nìkan ni ohùn náà yóò sì ti ha. Ibi tí ohùn ti ń ha yẹn, tí kò mọ́ gaara mọ́, tí kò sì tíì fọ́ tán, ni blues ń gbé. Áńpù tó ní gain púpọ̀, ìyẹn èyí tó ń sọ ohùn gìtá di ńlá títí yóò fi fọ́, kì í dúró níbẹ̀. Soldano SLO-100 tó jáde ní 1987 àti Peavey 5150 tó jáde ní 1992 wà lára àwọn tí irú áńpù yìí fi gbajúmọ̀, ohun tí wọ́n sì ṣe wọ́n fún ni kí ohùn kan fọ́ dáadáa, kó nípọn, kó sì pẹ́ kó tó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n ta blues ní láti fi sùúrù bá wọn lò.

Ó yẹ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí náà, kí a má baà máa yí nọ́ọ̀bù bí ẹni tó ń táràrà nínú òkùnkùn. Iná tí pickup gìtá, èèlò abẹ́ okùn tó ń sọ ìgbọ̀n okùn di iná, ń mú jáde kéré gan-an. Kì í sábà ju ìdá díẹ̀ nínú fóltì kan lọ. Áńpù a máa mú un gba inú àwọn tíúbù kéékèèké tí orúkọ wọn ń jẹ́ 12AX7 kọjá, tíúbù kọ̀ọ̀kan sì ní apá méjì tó lè dá ṣiṣẹ́. Nínú áńpù àtijọ́, ìpele méjì tàbí mẹ́ta ni ohùn ń gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tíúbù ńlá tó ń ti sípíkà. Nínú áńpù tó ní gain púpọ̀, ó lè tó mẹ́rin tàbí márùn-ún, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ń sọ ohun tí èyí tó ṣáájú gbé lé e lọ́wọ́ di ńlá. Kó tó dé ìpele kẹta, orí ìgbì ohùn náà ti kan àjà, àjà sì ti gé e pẹrẹsẹ. Ohùn jẹ́jẹ́ kan àjà, ohùn líle náà kan àjà kan náà, ìdí nìyẹn tí etí kò fi gbọ́ ìyàtọ̀ mọ́. Áńpù náà kò burú o. Ẹrù tí à ń dì rù ú ló pọ̀ jù.

Bí áńpù yín bá ní ju ṣánẹ́ẹ̀lì kan lọ, èyí tó wà láàárín ni kí ẹ kọ́kọ́ lò, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ Crunch tàbí Rhythm sí lára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sáré lọ sórí Clean, ṣùgbọ́n Clean inú irú áńpù yìí sábà máa ń mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó le gbọin-gbọin, kì í sì í fọ́ àfi bí a bá gbé e sókè débi tí ògiri yóò fi máa gbọ̀n. Bí iwájú áńpù bá sì ní ihò méjì, tí wọ́n kọ High sí ọ̀kan tí wọ́n kọ Low sí èkejì, ẹ ki wáyà bọ Low. Lórí Marshall JCM800 2203, ohùn tó gba ihò Low wọlé kì í kan ìpele àkọ́kọ́ rárá. Lórí àwọn áńpù mìíràn, ihò náà kàn ń dín ohùn kù bó ṣe ń wọlé ni. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹrù ti fúyẹ́ láti ẹnu ọ̀nà.

Ó wá kan nọ́ọ̀bù Gain fúnra rẹ̀. Ẹ dá a padà sí 0. Mi ò sọ pé kí ẹ dín in kù sí ìdajì ibi tó wà tẹ́lẹ̀; 0 ni mo wí, nítorí pé etí tí ohùn fífọ́ ti mọ́ lára yóò máa sọ fún yín pé 4 kéré. Ẹ fi fólúùmù àti Tone orí gìtá sí 10, ẹ yan pickup tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn gìtá, ẹ gbé Master, nọ́ọ̀bù tó ń pinnu bí ohùn ṣe ń ròkè tó lápapọ̀, sí ibi tí ẹ ó ti gbọ́ ọ dáadáa, kí ẹ wá máa gbé Gain sókè ní díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ṣe gbé e tó, ẹ dúró, kí ẹ ta ohùn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta: jẹ́jẹ́, ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, àti líle. Ibi tí à ń wá ni ibi tí ti jẹ́jẹ́ ti mọ́, tí ti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ti ń ha díẹ̀, tí ti líle sì fọ́. Lórí ọ̀pọ̀ nínú àwọn áńpù yìí, ibẹ̀ kì í kọjá 1 sí 3 nínú 10. Lórí èyí tí èmi ń lò, àlàfo tó wà láàárín ibi tó dára àti ibi tó ti bàjẹ́ kò ju èékánná ọmọdé lọ, nítorí náà, mo máa ń fi ìka méjì di nọ́ọ̀bù náà mú, mo sì máa ń rọra yí i bí ẹni ń wá ilé iṣẹ́ rédíò tó jìnnà.

Nígbà tí mo bá rí ibi tó dùn mọ́ mi létí tán, mo tún máa ń dín in kù díẹ̀ sí i. Gain tó dà bíi pé kò tó nígbà tí ènìyàn ń dá ta gìtá nínú yàrá a máa tó, a sì máa ṣẹ́kù, nígbà tí ìlù àti gìtá bass bá wọlé, nítorí pé ohùn tó fọ́ jù ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bò mọ́lẹ̀. Ẹ tún rántí pé B.B. King, gbajúgbajà onígìtá blues, lo Lab Series L5 fún ọ̀pọ̀ ọdún, áńpù tí kò ní tíúbù kankan nínú, tí ohùn rẹ̀ sì mọ́, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ tó sọ pé ohùn rẹ̀ kò tó blues. Bí ìfarapa tàbí ẹ̀dùn ọkàn bá wà nínú ohùn kan, ìka ló fi síbẹ̀.

Fólúùmù orí gìtá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Wọ́n á fi sí 10 lọ́jọ́ tí wọ́n gba gìtá náà, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá dín in kù, ohun tó ń dé ìpele àkọ́kọ́ nínú áńpù lẹ dín kù. Nọ́ọ̀bù gain kejì ni, òun nìkan sì ni ọwọ́ yín lè kàn láàárín orin. Ẹ lè to áńpù kó fọ́ díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ nígbà tí gìtá wà ní 10, kí ẹ wá fi gìtá sí 6 tàbí 7 nígbà tí ẹ bá ń gbe olórin lẹ́sẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 4 fún ibi tó gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, kí ẹ sì gbé e padà sí 10 nígbà tí ó bá kàn yín láti dá sọ̀rọ̀. Lórí gìtá tí nọ́ọ̀bù rẹ̀ sún mọ́ okùn, bíi Stratocaster, ọmọńdinrín ọwọ́ tí ẹ fi ń ta á lè yí i láì jẹ́ pé ọwọ́ kúrò lórí okùn. Ó gba ìdánrawò, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá fi kọ́ ọ yóò wúlò fún yín ju pẹ́dálì mẹ́ta lọ.

Ìyọnu kan wà níbẹ̀ ṣá: bí fólúùmù gìtá bá ṣe ń wálẹ̀, ohùn a máa ṣókùnkùn, nítorí pé nọ́ọ̀bù náà àti wáyà tó gùn a máa para pọ̀ gbé ohùn òkè mì. Wáyà tó kúrú yóò ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá mọ iná jó lè fi kápásítọ̀ 0.001 µF àti rẹ̀sísítọ̀ 150 kΩ, tí a so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, sáàárín ẹsẹ̀ tí ohùn ń gbà wọ nọ́ọ̀bù náà àti ẹsẹ̀ tó ń gbà jáde. Ohùn òkè yóò máa gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn kan kò fẹ́ ẹ, wọ́n ní ohùn tó ṣókùnkùn díẹ̀ bá ibi tó rọlẹ̀ mu. Èmi náà ń bọ̀ wá gbà pẹ̀lú wọn.

Lẹ́yìn Gain, Middle, nọ́ọ̀bù ohùn àárín, ni mo máa ń tò. Ẹni tó bá ti orin metal bọ̀ a máa ti Middle bọ ilẹ̀, a gbé Bass (ti ohùn ìsàlẹ̀) àti Treble (ti ohùn òkè) sókè, ohùn náà a sì dùn bí ènìyàn bá dá wà. Nínú ẹgbẹ́, gìtá yóò pòórá, torí pé ilẹ̀ jẹ́ ti ìlù ńlá àti bass, òkè jẹ́ ti àwo ìlù, àárín gan-an ni gìtá àti ohùn ènìyàn jọ ń pín. Ẹ fi Middle sí 7 kí ẹ tó fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú àwọn yòókù. Ẹ fi Bass sí 3 tàbí 4. Okùn kẹfà gìtá, tí a kò tẹ̀, ń gbọ̀n ní 82 Hz, kò nílò kí áńpù tún fi àpò yanrìn dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Treble lè wà ní 5. Presence, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn òkè ní ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, lè bẹ̀rẹ̀ láti 2 tàbí 3, bí nọ́ọ̀bù kan bá sì wà tí wọ́n kọ Resonance tàbí Depth sí, èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó sùn sí 1 tàbí 2. Ẹ máa tẹ́tí sí ohùn kan tó dà bí oyin tó há sínú agolo, tó ń kùn lẹ́yìn ohùn gidi nígbà tí okùn bá ń kú lọ. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ dín Presence kù, lẹ́yìn náà Treble, kí ẹ sì fi Tone orí gìtá sí 7. Bí kò bá lọ síbẹ̀síbẹ̀, Gain ṣì ga jù.

Ibi tí ẹ dúró sí nígbà tí ẹ ń tò ó ṣe pàtàkì bí nọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ kan, mo lo bí wákàtí kan lórí áńpù kan tí mo gbé sórí ilẹ̀, mo dúró ṣánṣán níwájú rẹ̀, ohùn náà sì wù mí dọ́ba. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jókòó sí ọ̀ọ́kán ní kí n jọ̀wọ́ dín in kù, ó ní ó ń gún òun létí bí abẹ́rẹ́. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Ìgbà tí mo lóṣòó, tí mo gbé etí síwájú sípíkà, ni mo tó mọ̀ pé orúnkún mi ni mo ti ń to ohùn fún látàárọ̀. Ohùn òkè a máa jáde tààrà láti àárín sípíkà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, ti ìsàlẹ̀ ló máa ń tàn káàkiri. Ẹni tó bá dúró lókè ìmọ́lẹ̀ náà yóò máa fi Treble kún un lórí òfo. Ẹ gbé áńpù sórí àga, tàbí kí ẹ fẹ̀yìn rẹ̀ ti nǹkan kó lè kọjú sí etí yín, kí ẹ tó gba ohunkóhun tí etí yín bá sọ gbọ́.

Ní ti Master, bó bá ṣe ga tó láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ni ó ń dára tó, nítorí pé àwọn tíúbù ńlá àti sípíkà fúnra wọn a máa fi adùn tiwọn sí i bí a bá fún wọn níṣẹ́. Nígbà tí Eric Clapton, onígìtá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba orin sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ blues John Mayall ní 1966, Gibson Les Paul ló ki bọ Marshall kan tí kò ní Master rárá, ó sì gbé e sókè gan-an. Ohùn tí gbogbo ayé ń wá láti ìgbà náà, inú ariwo yẹn ló ti wá. Ẹ̀yin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín áńpù 100 W àti ti 50 W kò ju 3 dB lọ, èyí tó kéré létí, ìyẹn ni pé rírà èyí tó kéré nìkan kò lè gbà yín. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni pẹ́dálì EQ, èyí tó ń gbé ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ sókè tàbí dín wọn kù, tí mo fi sínú ihò Effects Loop, ihò ẹ̀yìn áńpù tí a ń fi pẹ́dálì sí. Mo dín Level rẹ̀ kù, kí Master lè kúrò ní ibi tóóró ìsàlẹ̀ tí díẹ̀ ti ń di púpọ̀ lójijì. Mo sì tún fi dín ohun tó bá ga ju bíi 5 kHz lọ. Áténúétọ̀, àpótí tí a ń fi sáàárín áńpù àti sípíkà láti gbé agbára mì, dára jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ bá óòmù àti wáàtì áńpù yín mu. Áńpù onítíúbù kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí sípíkà tàbí irú àpótí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Transformer rẹ̀ lè jó.

Bí Gain bá ṣì le jù ní 1, ẹ lè pààrọ̀ tíúbù àkọ́kọ́, èyí tó sún mọ́ ihò tí gìtá ń wọ̀ jù lọ, tí wọ́n sábà ń pè ní V1. Agbára ìsọ-di-ńlá 12AX7 jẹ́ 100. Ti 5751 jẹ́ 70, ti 12AT7 jẹ́ 60, ti 12AY7 wà ní àyíká 44, gbogbo wọn ló sì ń wọ inú ihò kan náà. Mo fẹ́ràn 5751 fún ẹni tó ṣì fẹ́ lo áńpù náà fún orin mìíràn, ṣùgbọ́n fún ẹni tí blues nìkan jẹ lógún, 12AY7 ni kó lọ tààrà sí. Òun náà ló wà ní ìpele àkọ́kọ́ nínú Fender Bassman 5F6-A ti apá ìparí àwọn ọdún 1950, áńpù tí ọ̀pọ̀ blues gbára lé. Ẹ pa áńpù, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ kúrò lára ògiri, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ fi aṣọ di tíúbù náà mú, kí ẹ fà á jáde ṣánṣán láìlọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti tú àpótí irin inú rẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún áńpù ṣe, nítorí pé iná tó lè ju 400 V lọ a máa dúró sínú kápásítọ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà. Tíúbù kékeré kò nílò àtúntò lẹ́yìn tí a bá pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ńlá nílò rẹ̀, ẹ má dán tiwọn wò.

Àwọn áńpù kan wà tí ṣánẹ́ẹ̀lì àárín wọn kò gbọ́ràn sẹ́nu rárá. Fún irú wọn, ẹ padà sórí Clean, kí ẹ fi pẹ́dálì overdrive, èyí tó ń mú ohùn fọ́ díẹ̀, síwájú rẹ̀. Stevie Ray Vaughan, onígìtá blues, fi irú pẹ́dálì bẹ́ẹ̀, Ibanez Tube Screamer, síwájú áńpù Fender tó mọ́. Pẹ́dálì náà a máa dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, a sì máa gbé àárín sókè ní àyíká 720 Hz, èyí tí Clean inú áńpù metal sábà máa ń ṣe aláìní. Ẹ fi Drive sí 2 tàbí 3, Tone sí 5, Level sí 7, kí ẹ sì tún fi ohùn mẹ́ta yẹn dán an wò: jẹ́jẹ́, ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, líle.

Ní ti gìtá, pickup tó lágbára jù a máa ba gbogbo ohun tí a ti tò jẹ́. Ẹ tẹ okùn ní fírẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti pickup. Bí kò bá tó 2 mm, ẹ fi screwdriver sọ ọ́ kalẹ̀ sí 3 mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ohùn yóò rọ̀, yóò sì mí. Okùn tó nípọn díẹ̀, tí èyí tó tín-ín-rín jù nínú wọn jẹ́ 0.010 tàbí 0.011 ínṣì, yóò gba ìta líle láìsáré yà kúrò lójú ohùn.

Ẹ pa noise gate, ẹ̀rọ tó ń pa ohùn tó bá ti rẹlẹ̀ jù, nítorí ó máa ń gé ìrù ohùn tó ń kú lọ, ìrù yẹn sì wà lára orin. Reverb, tó ń mú ohùn dún bíi pé ó wà nínú gbọ̀ngàn, ní 2 tàbí 3 tó. Ẹni tó bá fẹ́ delay lè lo ẹyọ ìdáhùn kan ṣoṣo ní nǹkan bí 100 ms, kó wà nísàlẹ̀ débi pé ènìyàn kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfi tí a bá pa á.

Nígbà tí ẹ bá tò ó tán, ohùn náà yóò kọ́kọ́ dà bíi pé ó gbẹ, pé ó kéré, pàápàá fún ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ ohùn fífọ́. Ẹ má fi nǹkan kan kún un lọ́jọ́ náà. Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo nọ́ọ̀bù, kí ẹ pa áńpù, kí ẹ padà wá ní ọjọ́ kejì, kí ẹ sì ta á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ẹ bá ṣì rò pé ó gbẹ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, ẹ gbé Middle sókè kí ẹ tó ronú kan Gain.